Sí Láwàní, Tó Fẹ́ Kó Àwọn Àna Rẹ̀ Gun Òkè Nígbà Ooru

Láwàní ọmọ mi, àkọ́bí mi ọkùnrin, ọmọ ẹni tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mọ ohùn rẹ̀ láti Ṣàwúrú títí dé etí odò Ọ̀pará, mo kí ọ lórúkọ Ọlọ́run tó dá òkè, tó dá pẹ̀tẹ́lẹ̀, tó sì mọ ìdí tí kò fi dà wọ́n pọ̀. Ṣé dáadáa lo wà? Sàlámátù ìyàwó rẹ ńkọ́? Àlùfáà bàbá rẹ̀ ńkọ́, àti ìyá rẹ̀? Ìyá tìrẹ ní kí n kí ọ. Ó tún ní kí n kí ọ. Mo ní mo ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ó ní òun ò gbọ́ kí orúkọ òun dún nínú gbogbo ohun tí mò ń fọwọ́ fà yẹn. Mo ti wá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ìwé yìí. Àlùfáà àdúgbò wa mú kálámù rẹ̀ wá, ó jókòó, ó ní, "Bàbá Láwàní, ẹ máa sọ ọ́, kí n máa bá yín kọ ọ́." Mo ní kó gbé kálámù rẹ̀ sílẹ̀, kó jẹ obì. Èmi tí mo ka wàláà dé ibi tó dé kí n tó fi í sílẹ̀ nítorí òwò, èmi ni wọn ó wá bá kọ̀wé sí ọmọ bíbí inú mi? Ọ̀pọ̀ àwọn tó kà á tán, kò sí ohun tí wọ́n fi ṣe. Èmi ka ìdajì, mo fi ìdajì náà kọ́ ilé. Bí o bá rí ibi tí tàdáà ti dà sílẹ̀, kì í ṣe pé mi ò mọ̀ ọ́n kọ. Ewúrẹ́ ló kọjá.

Ó tó kí n sọ ohun tó mú mi kọ̀wé. Ìdí tó ń ta obì dé láti Ṣábẹ̀. Ó mu omi, ó nu ẹnu, ó ní ìwọ lo rán òun. Ó ní, "Bàbá, Láwàní ní kí n sọ fún yín pé wọ́n ti gbé ètò òkè lé òun lọ́wọ́."

Ìyá rẹ wà nítòsí, ó ń po òrí. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú agbada.

Èmi àti ìyá rẹ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́, ṣùgbọ́n màá kọ ọ́ sílẹ̀ kí o má baà rò pé eré ni. Àwọn ará ẹsẹ̀ òkè ní Ṣábẹ̀, bí wọ́n bá ti kó iṣu sínú àká tán, tí oko ò níṣẹ́ mọ́, tí ooru sì mú débi pé ajá pàápàá ò lè gbó, wọ́n á gòkè lọ. Wọ́n á pa àgọ́ koríko sórí àpáta, wọ́n á máa gba atẹ́gùn títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi ṣú. Bí ọkọ ọmọ wọn bá jẹ́ ará ọ̀nà jíjìn bíi tiwa, òun ni wọ́n ń jẹ́ kó ṣètò gbogbo rẹ̀: ohun tí wọn ó jẹ, omi tí wọn ó mu, ibi tí wọn ó tẹ́ ẹní sí. Wọn ò ní sọ fún un pé àwọn ń wò ó. Wọ́n ń wò ó. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ ni bàbá ìyàwó á sọ bóyá ọmọ òun máa bá ọkọ rẹ̀ lọ sílé, tàbí kó ṣì dúró lọ́dọ̀ àwọn.

Ṣé o rí i báyìí? Kì í ṣe afẹ́ lásán lo ń lọ ṣe. Bóyá Sàlámátù máa bá ọ wá sí Ṣàwúrú ni wọ́n ń lọ wò lórí òkè yẹn. O ti ṣe ìyàwó ní ìlú ìyá rẹ, o ń sùn ní ilé àna bí ẹyẹ tó bà sórí òrùlé onílé. Ìyá rẹ ti ń bi mí ní gbogbo ìgbà tí ẹlẹ́rù bá kọjá pé ìgbà wo lẹ ń bọ̀.

Mo wá bi Ìdí pé, "Kí ni Láwàní ní òun máa ṣe?"

Ìdí ní, "Bàbá, ó ti ro gbogbo rẹ̀. Ó ní òun á kó kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gòkè pẹ̀lú ẹrù. Ó ní òun á fa ewúrẹ́, kí ẹran má baà wọ́n wọn. Ó ní ìkòkò ńlá ìyá àna òun, òun á gbé e gòkè. Wọn ó sì gbéra lọ́sàn-án gangan kí gbogbo ìlú lè jáde wò wọ́n."

Mo ní, "Omi ńkọ́?"

"Ó ní omi wà lórí àpáta."

Ìyá rẹ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí òrí fi kán sí i lára. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní, "Ìdí, má da ara rẹ láàmú láti sọ ọmọ ẹni tó jẹ́ fún mi. Mo mọ̀ ọ́n."

Ìdí ò mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Ìwọ náà ò mọ̀ ọ́n, torí mi ò sọ ọ́ fún ọ rí. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà òkè ni mo fẹ́ tú fún ọ lónìí. Èmi náà ti ṣètò òkè yẹn rí. Òkè kan náà ni. Bàbá ìyá rẹ, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, ló gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo sì ṣe é débi pé títí di òní, bí o bá dárúkọ mi ní ẹsẹ̀ òkè yẹn, àwọn àgbààgbà á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì wá bọ̀wọ̀ fún mi. Àwọn mìíràn ò rí méjèèjì gbà.

Ọ̀rọ̀ èkínní ni ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n dà bíi tèmi nígbà yẹn. Láti Àlàáfíàrú dé Sánsọ́n, bí ẹran bá ṣorí kunkun, èmi ni wọ́n ń pè. Nítorí náà mo di ẹrù gọbọi fún un: iyọ̀, kán-ún, èlùbọ́, ẹní, ìkòkò, gbogbo ohun tí ojú àna lè rí kó tutù. A dé ibi tí ilẹ̀ ti tán, tí àpáta bẹ̀rẹ̀. Bàbá ìyá rẹ dúró, ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti ilẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ mi, ẹran yìí ń lọ síbo?"

Mo ní, "Bàbá, ó ń bá wa gòkè ni."

Ó ní, "Ó ti gbà?"

Ẹran náà gbé ẹsẹ̀ kan lé àpáta, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wo òkè, ó wo èmi. Ó wá jókòó. Mo fà á níwájú, mo tì í lẹ́yìn, mo bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, mo pè é ní orúkọ ìyá rẹ̀. Fúlàní kan tó ń da màlúù kọjá dúró wò wá. Ó ní, "Ẹlẹ́ran, nínú ẹ̀yin méjèèjì, ẹni tó jókòó yẹn ló ti rí òkè rí."

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn obìnrin tú ẹrù mi sílẹ̀ níwájú mi, wọ́n ń yà á sọ́tọ̀: èyí ń lọ, èyí ò lọ. Èyí tí kò lọ ló pọ̀ jù. Láwàní, ohun tí orí ò bá lè rù, òkè ò fẹ́ ẹ. Kó èlùbọ́, kó wàrà tí wọ́n ti sá gbẹ, kó iyọ̀ díẹ̀, kó òrí tí ẹ ó fi pa ẹsẹ̀. Ìkòkò kéékèèké tó lè wọ inú ara wọn ni kí o mú. Ìkòkò ńlá ìyá àna rẹ, fi í sílẹ̀ níbi tó wà. Bó bá fọ́ lọ́wọ́ rẹ, kò sí òkè tí o máa gùn tí o máa fi sá fún un. Ní ti ewúrẹ́, àpáta ni ilé ẹbí rẹ̀. Ẹni tó fa ewúrẹ́ gun òkè ti sìn ín délé nìyẹn. Ẹ ó máa wò ó lórí góńgó, yóò máa wo ẹ̀yin náà, kò sì ní sọ̀kalẹ̀.

Má gbéra lọ́sàn-án. Ẹ kírun àsùbáà tán, kí ẹ máa lọ. Mo mọ̀ pé o fẹ́ kí ìlú rí ọ. Ìwà mi nìyẹn, o ò jí i. Ṣùgbọ́n àpáta tí oòrùn bá ti nà títí di ọ̀sán, o lè yan iṣu lórí rẹ̀. Ọ̀sán ni àwa gùn ún. Bí a ṣe ń gbé ẹsẹ̀ lókè lókè, ẹni tó bá rí wa láti ìsàlẹ̀ á rò pé ijó la wá jó. Ìyá ìyá rẹ kàn ń sọ pé, "Ọlọ́run tóbi," ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kan ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì wúwo ju ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ. Fetí sí i, torí pé mo tọ́ ọ dáadáa, èyí tí mo tọ́ ọ dáadáa yẹn gan-an ló lè kó bá ọ.

A kọ́ ọ pé bí o bá rí àna rẹ, kí o dọ̀bálẹ̀. Ó dára. Ẹni tí kò bá lè dọ̀bálẹ̀ fún àna, kó má fẹ́ ìyàwó. Èmi, lọ́jọ́ yẹn, mo sáré síwájú kí n lè ti wà lókè láti kí wọn káàbọ̀. Mo dúró síbi kan tí àpáta ti ń dán, tó da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí òrùlé. Bàbá ìyá rẹ yọ. Mo ti ń wá ọ̀nà láti fi hàn án pé ará Ṣàwúrú mọ ẹ̀kọ́. Mo na gbogbo ara mi gbalaja sílẹ̀, àyà mi kan àpáta, mo ní, "Bàbá, ẹ kú ìrìn."

Mi ò tíì pe "ìrìn" tán tí ìrìn fi bẹ̀rẹ̀. Mo ń yọ̀ lọ. Mo fọwọ́ wá ibi tí n ó dì mú, àpáta ò ní etí. Mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá ìyá rẹ, orí mi níwájú, ọwọ́ mi nínà bí ti ẹni tó ń wẹ odò. Mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ìyá rẹ. Nítorí pé ọmọ tí wọ́n kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mo kí òun náà bí mo ṣe ń kọjá. Àwọn ọmọkùnrin ilé fẹ́ sáré tẹ̀ lé mi, àna mi na ọ̀pá rẹ̀ dá wọn dúró.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó lọ. Ó ń kí wa dé ìsàlẹ̀ ni."

Inú igbó koríko ni mo balẹ̀ sí. Aṣọ mi, èyí tí mo rà nítorí ọjọ́ yẹn, iwájú rẹ̀ ti lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ṣẹ́kù. Mo tún òkè náà gùn. Mo ń fi ẹ̀yìn rìn nítorí àwọn obìnrin. Ẹ̀gàn ni wọ́n fi ṣe nígbà yẹn, ṣùgbọ́n bi wọ́n léèrè kí o gbọ́: láti ìgbà náà títí dòní, ta ló tún kí àna rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀?

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Bí ilẹ̀ bá da gẹ̀rẹ́, kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, kí o fi ọwọ́ kan di àpáta mú, kí o ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n jẹ yín ní ìdọ̀bálẹ̀ kan." Nígbà tí ẹ bá dé orí pẹrẹsẹ, san án. Àlùfáà máa gbà á. Àlùfáà mọ̀ pé ẹ̀sìn rọrùn fún arìnrìn-àjò.

Mo sì ti fẹnu kan ẹ̀sìn, kí n tètè sọ ti omi. Òótọ́ ni pé omi máa ń wà lórí àpáta yẹn. Nígbà òjò ni. Àwọn kòtò kéékèèké ni, ojú sánmà máa ń wà nínú wọn, ó lẹ́wà. Nígbà ooru, aláǹgbá ló ń sùn nínú wọn. Mi ò mọ̀. Èmi tí mo dàgbà níbi tí omi ti ń wà nínú ilẹ̀, mo rò pé bí òkè bá ṣe ga tó ni omi rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó, torí ó súnmọ́ ibi tí òjò ti ń wá. Má rẹ́rìn-ín. Ọgbọ́n wà níbẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé kì í ṣe òótọ́.

Akèrègbè omi tí ìyá rẹ fi orí ara rẹ̀ rù gòkè ni gbogbo omi tí a ní. Àkókò ìrun tó. Nítorí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé olùfọkànsìn ni mí. Mo jókòó sórí òkúta, mo ṣe àlùwàlá tó dára. Mo fọ ọwọ́, mo tún un fọ̀. Mo fọ ẹsẹ̀ dé orúnkún. Mo fọ ẹ̀yìn etí. Nígbà tí mo gbójú sókè, gbogbo ilé ló dúró tí wọ́n ń wò mí, akèrègbè sì ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Bàbá ìyá rẹ ò bínú. Ó tẹ ọwọ́ méjèèjì mọ́ àpáta gbígbẹ, ó fi pa ojú, ó fi pa ọwọ́, bí Ọlọ́run ṣe fún ẹni tí kò rómi láyè. Ó tò síwájú. Kó tó gbé ìrun dúró, ó bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ọkọ ọmọ wa súnmọ́ iwájú. Òun nìkan ló mọ́ nínú wa."

Ìyá rẹ ló wá omi. Àwọn obìnrin ẹsẹ̀ òkè mọ ẹnu pàlàpálá kan tí omi ti ń sun tó-tó-tó láàárín òkúta. Ó lọ, ó pẹ́, ó rù ú dé. Nítorí náà, kí o tó gbéra, bi Sàlámátù pé níbo ni omi wà. Bi òun, má bi àwọn ọkùnrin. Wọ́n á nawọ́ síbi kan torí ojú ń tì wọ́n láti sọ pé àwọn ò mọ̀. Kí o sì máa bá a lọ síbẹ̀. Ru tìrẹ. Wọ́n á ní o ń ṣe bí obìnrin. Ẹni tí òùngbẹ bá gbẹ ò ní sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta. Tàbí ẹ̀kẹrin ni, ewúrẹ́ yẹn ti dà mí lọ́kàn rú. Ibi tí ẹ ó pàgọ́ sí. Má wo òjìji nìkan. Mo rí òjìji kan tó tutù lábẹ́ àpáta ńlá, mo pàṣẹ pé ibẹ̀ ni, mo sì dá iná. Èéfín gòkè lọ sínú pàlàpálá àpáta. Oyin ló ń gbé ibẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, ṣùgbọ́n àwa ò wá jẹ oyin. Kálukú sá bí Ọlọ́run ṣe kọ́ ọ. Ìyá ìyá rẹ tí mo rò pé kò lè sáré mọ́, òun ló ṣáájú mi. Kọ́kọ́ gbójú sókè, kí o tó dáná.

Kí o sì jókòó, Láwàní. Èyí ló máa le jù fún ọ, torí ọmọ oníṣòwò ni ọ́. Isinmi ni wọ́n lọ ṣe. Atẹ́gùn ni wọ́n ń gbà, wọ́n á máa sọ ọ̀rọ̀ tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, wọ́n á máa wo èéfín oko tí wọ́n ń sun lápá ibi gbogbo. Èmi ò lè jókòó. Mo lọ bá àwọn ará àgọ́ kejì, mo tú iyọ̀ mi sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í polówó. Bàbá ìyá rẹ gbọ́ ohùn mi. Ó ní kí wọ́n lọ pè mí wá, kí wọ́n sọ fún mi pé ọjà kì í gun òkè, pé ìdí nìyẹn tí àwọn fi ń gùn ún. Mo jókòó. Ẹsẹ̀ ń jẹ mí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo gbọ́ pé ẹyẹ ń ké. Mo ti ń kọjá lábẹ́ ẹyẹ láti kékeré, mi ò tíì gbọ́ ọ rí.

Bí ó ṣe parí ni mo fẹ́ kí o mọ̀ jù. Òjò ṣú. Wọ́n ká ẹní. Bàbá ìyá rẹ pe gbogbo wa sí etí òkè, níbi tí o ti ń rí ayé títí ojú yóò fi rẹ̀ ọ́. Ó pè mí síwájú.

Ó ní, "Níbo ni Ṣàwúrú wà?"

Ìbéèrè tó rọrùn. Èmi tí mo mọ gbogbo ọ̀nà tí ẹlẹ́rù ń gbà. Mo na ọwọ́ mi, mo nà án gbọnran, mo ní, "Bàbá, lọ́hùn-ún yẹn."

Apá Ìdáàṣà, níhà gúúsù, ni mo nawọ́ sí. Ọ̀nà tí a gbà gòkè ló lọ́ bí ìwo àgbò, ó ti yí orí mi. Ẹnikẹ́ni ló lè ṣẹlẹ̀ sí. Bàbá ìyá rẹ wo ọwọ́ mi títí. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

Ó ní, "O gbọ́? Ẹran rẹ̀ ò gbọ́ tirẹ̀. Ó da omi wa nù. Ó tú oyin sí ìyá rẹ. Ní báyìí, kò mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Ṣé kí n fi ọ́ lé e lọ́wọ́?"

Láwàní, mo ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀. O mọ̀ mí, ọ̀rọ̀ ò wọ́n mi. Mo fẹ́ ka gbogbo ohun tí mo ní fún un. Ìyá rẹ ò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Ó rìn wá, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, bí mo ṣe nà án náà, ó sì yí i. Ó yí i kọjá òkè kejì, kọjá odò, ó gbé e kalẹ̀ sí apá àríwá.

Ó ní, "Ibẹ̀ yẹn ni, Bàbá."

Bàbá rẹ̀ ní, "Ìwọ tí o ò débẹ̀ rí?"

Ó ní, "Mo ti ń bi í léèrè láti ọjọ́ tí a ti dé orí òkè yìí. Bí kò bá sí ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, ó máa ń dáhùn. Ọ̀nà náà ti wà lórí mi. Bó bá ṣì í, èmi á mú un délé."

Bàbá rẹ̀ mi orí. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká sọ̀kalẹ̀ kí òjò tó bá wa." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo ṣe mú ìyá rẹ lọ sílé nìyẹn.

Mo ti máa ń sọ fún àwọn ènìyàn pé owó mi àti òkìkí mi ni àna mi rí tó fi gbà. Má tú mi fó. Ṣùgbọ́n ìwọ, bí wọ́n bá pè ọ́ sí etí òkè, kí Àlùfáà sì bi ọ́ léèrè, má dáhùn fún Sàlámátù. Má ṣẹ́jú sí i. Má ka ohun tí bàbá rẹ ní. Jẹ́ kí ó ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Kó tó di ọjọ́ yẹn, máa sọ Ṣàwúrú fún un, bí ó bá bi ọ́. Sọ ọ́ bó ṣe rí. Sọ pé kò sí òkè lọ́dọ̀ wa, pé ooru wa máa ń mú, pé ìyá rẹ máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òun ló ní kí n fi èyí sí i, ó ní kí ọmọ ẹlòmíràn má wá ṣe kàyéfì.

Ó lè ní òun ò bọ̀. Mo ti rò ó, mo rò ó lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó kọ ọ́. Ìyá rẹ̀ ò ní ọmọbìnrin mìíràn. Bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, má sọ ọ́ di ìjà, má sì sọ̀kalẹ̀ láìdúró dè é. Dúró tì wọ́n, bá Àlùfáà kọ ebè, kí ẹ tún gòkè nígbà ooru mìíràn.

Mo ti kọ́ yàrá kan fún yín lápá ibi tí atẹ́gùn ti ń wọlé. Èmi ni mo po ilẹ̀ rẹ̀, èmi ni mo bò ó, kò sí ẹni tó bá mi fọwọ́ kàn án, kò sì sí yàrá tó tó o ní gbogbo Ṣàwúrú. Má sọ fún un. Kí ó má baà wá nítorí yàrá, kí ó má sì kọ̀ nítorí ìtìjú. Ìyá rẹ ń gbá a lárààárọ̀, bí ẹni pé ẹnì kan ti sùn níbẹ̀.

Kò sẹ́ni tó rí mi rí kí n dúró de ohunkóhun. Ẹrù tó bá pẹ́, mo máa ń fi í sílẹ̀ lọ ni. Èyí, màá dúró dè é.

Èmi bàbá rẹ, tí kò bẹ ẹnikẹ́ni kó bá òun kọ ọ́.